Abọ́ Omi Lábẹ́ Fèrèsé Bàbá Kúdí

Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ ń yẹ iṣẹ́ wò kiri bí ẹni ń yẹ tòmátì wò lórí àtẹ, ẹ jókòó ná. Bí mo bá ti sọ pé kọ́tìnnì àti aṣọ bẹ́ẹ̀dì ni mo fi ayé mi rán, àwọn kan nínú yín á yínmú. Ẹ máa yínmú lọ. Yàrá tí ẹ sùn sí lánàá, bó bá ṣókùnkùn, tí ara yín ò yá nígbà tí ẹ jí, èmi lẹ nílò, ẹ kàn ò mọ̀ ni.

Sìdíkátù ni orúkọ mi. Ní Festac, Ìyá Kọ́tìnnì ni gbogbo èèyàn mọ̀ mí sí. Iṣẹ́ mi ni kí n mú yàrá tó ti kú sọjí lówó pọ́ọ́kú. Olówó ò nílò mi. Olówó á wó ògiri, á fi òmíràn mọ ọ́n. Tíṣà, nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn ni oníbàárà mi.

Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí mo wà kógbá sílé, ọkọ mi ń wa táńkà epo ní Satellite Town, mo bá ní n kọ́ṣẹ́. Ìgbà yẹn ni fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù, tí àwọn èèyàn ń gbé e kọ́ ọrùn bí ìlẹ̀kẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbà mí nìyẹn, kò sí ìtàn níbẹ̀.

Ìtàn wà lára ọ̀gá mi. Ìyá Dèjì la máa ń pè é, ará Ìlẹ̀ṣà, ìyàwó òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan. Inú gáréèjì ilé wọn, ní kúlósì, òpópónà kékeré kan, lẹ́bàá Àfẹ́níù Kẹrin, ló ti ń ránṣọ. Máṣíìnì mẹ́ta ló wà níbi tó yẹ kí mọ́tò wà. Obìnrin náà le! Bí ìránṣọ rẹ bá wọ́ díẹ̀ báyìí, kò ní sọ̀rọ̀. Á fà á ya láti òkè délẹ̀, á jù ú sí ẹ lẹ́sẹ̀, á sì máa bá orin ìjọ rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, mo mú sísọ́ọ̀sì tuntun dání. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi bọ́kẹ́ẹ̀tì àti kànrìnkàn rọ́pò rẹ̀.

Mo ní, "Mà, kí ni mo fẹ́ fi èyí ṣe?"

Ó ní, "Gíláàsì lúfà ni wàá fọ̀."

"Títí dìgbà wo, Mà?"

"Títí màá fi ní kó tó."

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi fọ gíláàsì lójú fèrèsé àwọn oníbàárà. Èèyàn tó mọ Festac mọ̀ pé fèrèsé lúfà, onígíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ló pọ̀ níbẹ̀ nígbà náà, eruku ọyẹ́ àti èéfín jẹnẹrétọ̀ sì ti lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹ̀kọ tó jóná. Màá yọ gíláàsì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, màá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, màá fi bébà nù ún gbẹ. Mo ń kùn sínú. Ìyá Dèjì ní, "Ọ̀fẹ́ ni Ọlọ́run ń fún wa ní ìmọ́lẹ̀. Ìdọ̀tí wa ló ń dí i lọ́nà. Kí o tó ní kí oníbàárà náwó, kọ́kọ́ fún un ní ohun tó ti jẹ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀." Nọ́ọ̀sì kan wà ní Àfẹ́níù Karùn-ún. Nígbà tí a fọ gíláàsì yàrá rẹ̀ tán, ó dúró, ó ń wòta. Ó ní òun ti gbé ibẹ̀ fọ́dún mẹ́sàn-án, òun ò mọ̀ pé igi máńgòrò wà lójú fèrèsé òun. Látọjọ́ náà ni mi ò kùn mọ́.

Òfin rẹ̀ kejì ló burú lójú mi. Ó ní tí mo bá wọ yàrá ẹnikẹ́ni, mi ò gbọ́dọ̀ tíì yọ tépù. Kí n kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Haa, Mà! Bẹ́ẹ̀dì tọkọtaya?"

"Dùbúlẹ̀ jàre. Ẹni tó dúró kọ́ ló ni yàrá, ẹni tó sùn ló ni ín. A kì í fojú olójú ṣòwò ká jèrè."

Mò ń dùbúlẹ̀ níṣojú rẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, mò ń fò ó. Lójú tèmi, àṣejù àgbà ni.

Ó kọ́ mi débi pé mo lè fi ìró méjì tó ti gbó rán ìbòrí bẹ́ẹ̀dì tí àlejò á fẹ́ rà. Mo lè fi aṣọ àpò fulawa tí a pa láró rán kọ́tìnnì. Mo mọ ibi téèyàn máa gbé dígí sí kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé kan di ti méjì. Nígbà tí mo ṣe fírídọ́ọ̀mù, ó gbàdúrà fún mi, ó sì dá sísọ́ọ̀sì mi àtijọ́ padà fún mi. Kò tíì gé nǹkan kan rí.

Láàárín ọdún kan, orí mi ti wú. Wọ́n ń wá mi láti Festac dé Satellite. Ìgbà náà ni Àǹtí Kúdí wá.

Ó ń ta páàtì mọ́tò ní Trade Fair. Ọmọ Àmúwò gan-an ni, ọmọ onílẹ̀. Ilẹ̀ tí ìjọba kọ́ ilé sí fún àwa àlejò, oko àti etídò àwọn baba wọn ni. Baba rẹ̀, apẹja ni láyé àtijọ́. Ó ti tó oṣù méjì tí Bàbá Kúdí ti ṣubú ní balùwẹ̀ tí ìdí rẹ̀ sì kán. Látìgbà náà, ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó kọjú sógiri, kì í jẹ ju ṣíbí mẹ́ta lọ.

Àǹtí Kúdí ní, "Ìyá Kọ́tìnnì, ẹ bá mi wá nǹkan ṣe sí yàrá yẹn. Bàbá mi ń kú lọ lójú mi. Kì í ṣe ìdí tó kán ló ń pa wọ́n, òkùnkùn ni."

Mo bá a lọ. Yàrá náà wà lẹ́yìnkùlé. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, aládùúgbò sì ti mọ fẹ́ǹsì sí iwájú rẹ̀, àlàfo tó wà láàárín wọn ò ju kí èèyàn méjì yà fún ara wọn lọ. Omi òjò ti kọ àwòrán sí àjà. Bàbá ń sùn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo fojú wọn gbogbo rẹ̀. Ṣé kí n ní kí arúgbó onídìí kíkán sún fún mi kí n dùbúlẹ̀ ni? Ojú ń tì mí, ìgbéraga náà sì wà níbẹ̀.

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Àǹtí mi. Funfun ni. Funfun ló ń pe ìmọ́lẹ̀."

Mo ra pópílìn funfun, èyí tó dáa. Mo fi rán kọ́tìnnì, mo fi rán aṣọ bẹ́ẹ̀dì àti ti ìrọ̀rí. Èyí tó kù, mo ní n ta á sábẹ́ àjà kí ó bo àbààwọ́n omi. Nítorí aáyán, mo fi káfúrà sáàárín aṣọ náà fọ́jọ́ méjì. Ẹ̀yin Mùsùlùmí tó ń gbọ́ èyí, ẹ ti ń di orí mú. Èmi náà, ọmọ Mùsùlùmí, tí mo ti bá wọn ṣe òkú ìyá mi, kò sọ sí mi lọ́kàn rárá.

Lọ́jọ́ náà, a gbé Bàbá sí pálọ̀. Mo ṣe yàrá lọ́ṣọ̀ọ́. Nígbà tó sùn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, a rọra gbé e padà sórí bẹ́ẹ̀dì, ká lè yà á lẹ́nu nígbà tó bá jí. A dúró sẹ́nu ọ̀nà, à ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí àwọn òmùgọ̀.

Ìpè ìrun Alásárì ìrọ̀lẹ́ ló jí i. Ó lajú. Funfun lókè, funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́, funfun lára rẹ̀ dé ọrùn, òórùn káfúrà tí a ń fi sí aṣọ òkú ń ta sán-án, ohùn ladáánì ń ké Allahu Akbar lókè.

Ọkùnrin náà figbe ta. "Kúdí o! Kúdí! Ta ló wẹ̀ mí? Mò ń mí o! Ẹ má tíì gbé mi!"

A sáré wọlé, ṣùgbọ́n ó ti já aṣọ dànù. Ẹni tí kò lè yíra padà fóṣù méjì, ìbẹ̀rù gbé e dé ilẹ̀, ó ń fàyà fà lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló dé kó tó dúró. Ó ní, "Mi ò padà sínú sàréè yẹn mọ́ láé."

A rò pé ọ̀rọ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni. Kò padà lọ́jọ́ kejì. Kò padà lọ́jọ́ kẹta. Ẹní ni wọ́n tẹ́ fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìgbà òjò ni, ilẹ̀ ibẹ̀ sì ń sun omi. Ikọ́ dé. Dókítà tó wá wò ó ní bí arúgbó yìí bá ń sùn síbẹ̀, ikọ́ náà á wọ̀ ọ́ láyà, òun ò sì ní lè ṣe nǹkan kan. Wọ́n tún fẹ́ fipá gbé e wọlé, ó fi eyín mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lọ́wọ́.

Àǹtí Kúdí wò mí, ẹkún ń bẹ lójú rẹ̀. "Ìyá Kọ́tìnnì, bí Bàbá mi bá kú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ọlọ́run gbọ́, aṣọ yín ló pa wọ́n."

Mo gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi lọ, mo kúnlẹ̀ nínú gáréèjì, mo rò ó látòkè délẹ̀.

Ìyá Dèjì gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Ṣé o dùbúlẹ̀?"

"Rárá, Mà."

"Adìẹ funfun ò mọ ara rẹ̀ lágbà." Ó padà sídìí máṣíìnì. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Ó tún ní, "Ìwọ lo rán an, ìwọ ni kó o lọ tú u. Má fi bíléèdì kàn án o. Abẹ́rẹ́ ni kó o fi tú u, ojú kan lẹ́yìn òmíràn, kó o sì jókòó níṣojú bàbá náà, kó lè rí i pé aṣọ lásán ni."

Mo gbé àpótí ìjókòó lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, mo fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì bẹ̀rẹ̀ sí tú u. Lọ́jọ́ kìíní, Bàbá kọ̀yìn sí mi. Lọ́jọ́ kejì, ó yí ojú padà, ó ń wò mí bí ẹni ń wo olè. Lọ́jọ́ kẹta, bí mo ṣe ń ja òwú tó ta kókó, mo gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Ìwọ obìnrin yìí, ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń tú okùn níbi tó o ti kọ́ṣẹ́? Mú un wá."

Ó gba aṣọ lọ́wọ́ mi. Kókó náà tú ní ẹ̀ẹ̀kan. Ogójì ọdún ló fi hun àwọ̀n. Ó ń tú u lọ, ó ń bú mi lọ.

"Ìwọ lo fẹ́ sin mí láàyè."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ dárí jì mí."

"O wá fi káfúrà sí i! O ò kúkú gbàgbé nǹkan kan. Ìmáámù nìkan ló kù kó o pè."

Ẹ̀rín gbà mí, mo sì tún bú sẹ́kún lẹ́ẹ̀kan náà. Òun náà rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì gbà á. Mo fún un lómi. Ìgbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ ni mo wá bi í ní ìbéèrè tó yẹ kí n bi í kí n tó fọwọ́ kan aṣọ.

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ kí ojú yín kọ́kọ́ rí bí ẹ bá jí?"

Ó ní, "Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Omi ni."

"Omi, Bàbá?"

"Kí wọ́n tó fi yanrìn dí etídò wa, abà ẹja baba mi wà lójú omi gan-an. Bí mo bá jí lójú oorun ọ̀sán, kí n tó gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni, màá ti rí ìmọ́lẹ̀ omi tó ń jó lábẹ́ òrùlé. Ibẹ̀ ni mo ti ń mọ̀ pé mo ṣì wà láyé."

Mo wá ń ronú. Ibo ni mo ti fẹ́ rí ọ̀sà gbé wọ yàrá tí fẹ́ǹsì dí lójú? Mo ro ó títí lọ́jọ́ náà. Ọ̀la rẹ̀, Àǹtí Kúdí fa omi láti inú kànga sínú abọ́ tánńganran kan, oòrùn bọ́ sínú rẹ̀, mo rí i tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń ta lára ògiri balùwẹ̀. Mo fò sókè. Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ má dà á nù!"

A tú aṣọ funfun tó wà lábẹ́ àjà àti lójú fèrèsé sílẹ̀. Mo fọ gíláàsì lúfà, èyí tí mi ò fọ̀ tẹ́lẹ̀ nítorí ìkánjú. Lẹ́yìn ìrun Àyílà ọ̀sán, nígbà tí oòrùn bá gorí fẹ́ǹsì, ó máa ń bọ́ sínú àlàfo yẹn fún bíi wákàtí kan. A to búlọ́ọ̀kù síbẹ̀, a gbé abọ́ omi lé e. Àǹtí Kúdí dúró síta, èmi wọlé. Mo sì dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì Bàbá.

Haa! Ibi tí mo dùbúlẹ̀ sí yẹn ni ojú mi ti là. Mo rí ohun tí mo ti fún arúgbó yẹn wò. Bí mo ṣe sùn síbẹ̀, àjà nìkan ni gbogbo ayé mi. Èmi sì ti fi aṣọ òkú bò ó.

Mo ké síta, "Ẹ sún un sọ́tùn-ún díẹ̀!" Kò sí nǹkan kan. "Ẹ gbé e sókè, ẹ fi búlọ́ọ̀kù kan kún un!" Ó ta lórí òkè fèrèsé, ó tún sá lọ. A ti ń làágùn kí ó tó wọlé. Lójijì, gbogbo àjà bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ìmọ́lẹ̀ ń sáré lórí àbààwọ́n òjò àtijọ́, ó ń pàdé, ó ń tú ká.

Mo pariwo, "Àǹtí Kúdí, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́!"

Àwọ̀n Bàbá wà lórí àjà ilé ìdáná, ó ti gba èéfín. Mo fọ̀ ọ́, mo ta á sí fèrèsé dípò kọ́tìnnì. Àdìrẹ mẹ́ta tí ìyàwó rẹ̀ tó ti kú máa ń wọ̀ lójoojúmọ́ wà nínú àpótí rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló tọ́ka sí wọn, mo rán wọn pọ̀ fún ìbòrí bẹ́ẹ̀dì. A ò ra nǹkan kan.

Ó ku kí Bàbá wọlé. Ó ní láéláé. Mo ní, "Ẹ má wọlé, Bàbá. Ẹ kàn wò ó látẹnu ọ̀nà." Ọjọ́ méjì ni oòrùn ò fi jáde, ikọ́ rẹ̀ sì ń le sí i. Lọ́jọ́ kẹta, oòrùn ràn. Wọ́n gbé e sórí àga, wọ́n gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Ó gbójú sókè. Omi ń jó lábẹ́ àjà.

Ó ní, "Ẹ gbé mi wọlé."

Lálẹ́ ọjọ́ náà ló béèrè ẹja. Ikọ́ fi í sílẹ̀ kí oṣù tó parí. Kí n tó máa lọ, ó ní, "Aṣọ funfun rẹ dà?" Mo ní mo ti ká a, màá fi ṣe nǹkan mìíràn. Ó ní, "Fi í sínú àpótí mi. Kì í ṣe pé mi ò ní lò ó. Mi ò tíì ṣetán ni."

Mo bá iṣẹ́ lọ. Máṣíìnì àfọwọ́yí mi di ti iná. Bí iná bá lọ, mo tún padà sídìí àfọwọ́yí. Òrùka onírin dé, tí a ń fi òòlù gbá sára aṣọ; okùn àti ìkọ́ di ohun àtijọ́. Kọ́tìnnì alárànparí kún Trade Fair, wọ́n ń tà á bí ẹni ń ta ẹ̀pà. Wọ́n ní iṣẹ́ mi ti parí. Oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán inú fóònù hàn mí: "Báyìí ni mo ṣe fẹ́ ẹ, Mà." Màá ní, ó dáa, ta ló ni bẹ́ẹ̀dì? Màá dùbúlẹ̀. Àwọn kan ń fi mí rẹ́rìn-ín. Kọ́tìnnì alárànparí ò lè béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìdí nìyẹn tí mo fi jẹun títí ojú mi fi ní ó tó. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ̀yin ọmọ, iṣẹ́ yòówù kí ẹ yàn, irin iṣẹ́ á yí padà mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ mọ ẹni tí ẹ ń ṣe é fún. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹni tó pè yín máa jẹ́ òun.

Ó lé díẹ̀ lọ́dún mẹ́ta lẹ́yìn ọ̀rọ̀ abọ́ omi yẹn tí Àǹtí Kúdí fi pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Bàbá ní kẹ́ ẹ máa bọ̀."

Mo bá Bàbá lábẹ́ àdìrẹ ìyàwó rẹ̀, ó ti rù, ojú rẹ̀ sì mọ́. Ó ní, "Sìdíkátù, yọ aṣọ funfun yẹn síta, kó o sá a sóòrùn. Mi ò fẹ́ káfúrà tìrẹ lára rẹ̀. Tiwọn ń bọ̀." Mo sá a. Kò sí ojú ìránṣọ kan lára rẹ̀ mọ́. Èmi àti òun la jọ tú u tán.

Ọjọ́ Jímọ̀ ló kú. Lẹ́yìn ìrun, àwọn ọkùnrin wọlé láti wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sì fi aṣọ náà dì í. Èmi àti Àǹtí Kúdí wà lẹ́yìnkùlé. Oòrùn ti gorí fẹ́ǹsì, abọ́ omi wà níbi tí a máa ń gbé e sí, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń gba ojú àwọ̀n wọlé lọ. Àǹtí Kúdí na ọwọ́ kó gbé e kúrò.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ó wà níbẹ̀ ná, Àǹtí mi. Wọn ò tíì gbé Bàbá jáde."